Oko Ta Ni Wọ́n Ń Ro?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìṣirò kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Ìṣirò yẹn náà ló tún wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá jókòó sórí tábìlì tí mo fi ń jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò nílùú Ṣakí yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé ìjà èmi àti ẹ̀ ti parí. Àṣé ó kàn lọ sinmi ni.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló gbé e wálé. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó sì ń múra ìdánwò àṣejáde girama. Mo bá a tó jókòó, ìwé wà níwájú ẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àkàrà wà lọ́wọ́ òsì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní òun ń ka ìwé. Mo bẹjú wo ìwé náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọkùnrin mẹ́fà ro oko kan tán ní ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi ro ó? Òun náà nìyí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ yìí ti ya àwòrán ìbéèrè náà, fóònù sì ti dá a lóhùn pé mẹ́ta. Ó kọ mẹ́ta sílẹ̀, ó ṣí ojú ewé mìíràn.

"Báwo lo ṣe rí mẹ́ta yẹn?"

"Ìyá àgbà, fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ti fóònù. Ìwọ ńkọ́, kí nìwọ sọ?"

"Èmi náà sọ pé mẹ́ta ni, mà."

Ẹ gbà mí o! Inú bí mi débi pé mo gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo tì í sábẹ́ ìdí mi, mo sì jókòó lé e. Mo ní lónìí yìí, kò sẹ́ni tó ń dìde nídìí tábìlì yìí títí o ó fi gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ mẹ́ta tí ò ń kọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, ẹ fìdí kalẹ̀, torí inú ṣì ń bí mi.

Abúlé kan lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n bí mi sí. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni bàbá mi ń gbìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò kàwé, oko ni gbogbo wọn wà. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ sílé ìwé nílé wa, torí pé ọ̀gá ilé ìwé bẹ bàbá mi títí ẹnu fi ń ro ó. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ó sọ tiẹ̀ tán kedere. Bí mo bá dé ìwé kẹfà, tí mo sì yege nínú ìdánwò àtiwọ girama, màá lọ sí Ṣakí. Bí mo bá fìdí rẹmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ìsẹ́yìn ni màá gbà lọ, kí n lọ máa ká òwú fún àwọn tó ń hun aṣọ. Kò sí ọ̀nà kẹta. Mo sì ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí rí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Kì í rẹ obìnrin yẹn, kì í sì í gbà pé ó ń rẹ ẹlòmíràn. Bí mo bá ti rántí ìdì òwú tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀, màá sáré lọ gbé ìwé mi.

Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé mo mọ ìṣirò. Ẹ fún mi ní àròpọ̀, ẹ fún mi ní àyọkúrò, ẹ ya onígun mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ ní kí n wá igun tó kù, kíá ni màá ti ṣe é tán. Ìṣirò oko ríro yìí nìkan ni èmi àti ẹ̀ ò gbọ́ra wa yé, òun náà sì ni tíṣà wa fẹ́ràn bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. Ó ní kò sí ọdún tí kì í yọjú nínú ìdánwò àtiwọ girama, máàkì tó wà níbẹ̀ sì pọ̀.

Tíṣà yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá wá ni. Ṣòkòtò ẹ̀ máa ń gún régé, bàtà ẹ̀ ń dán. Bí erùpẹ̀ bá ta sí i, á kọ́kọ́ dúró nù ún kó tó máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ọmọdé bi òun ní ìbéèrè kejì.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe mí, ẹ ní láti mọ àáró. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan á kó ara wọn jọ. Gbogbo wọn á wọ oko ẹni kìíní, wọ́n á ro ó tán pátápátá. Ó di oko ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa yí i ká títí á fi kan gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó. Ẹni tó ni oko ló ń pèsè oúnjẹ, iṣẹ́ tí wọ́n bá sì bá ọ ṣe lóko rẹ, ìwọ náà á lọ bá wọn ṣe é lóko tiwọn. Mẹ́fà ni wọ́n nínú àáró tí bàbá mi wà. Oko wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì ń lò lóko kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo ń gbé omi tẹ̀lé wọn nígbàkígbà tí ilé ìwé bá ti wà ní ìsinmi. Akèrègbè wà lórí mi, agbọ̀n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, koríko ń gé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjì tuntun wọ inú àáró náà, wọ́n di mẹ́jọ. Mo dúpẹ́, mo ní ìtura dé. Ìtura wo! Lóòótọ́, wọ́n ń tètè ro oko kọ̀ọ̀kan tán, ṣùgbọ́n oko mẹ́fà ti di mẹ́jọ, ọ̀kan nínú oko tuntun náà sì wà lódìkejì odò, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ ká aṣọ sókè dé orúnkún. Nígbà tí àáró yẹn fi yí po tán, ẹsẹ̀ mi ò tíì sinmi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mi ò kà á nínú ìwé, ojú mi ló ṣe.

Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ tí tíṣà kọ́kọ́ kọ ìṣirò yìí sójú pátákó. Ọkùnrin mẹ́fà, oko kan, ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní èyí tí ẹsẹ̀ mi ti ṣe rí nìyí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lórí síléètì mi. Bí èèyàn mẹ́fà bá fi ọjọ́ mẹ́rin ro oko kan, iṣẹ́ tó wà lóko náà jẹ́ mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a ro, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni yóò fi ṣe é. Bí wọ́n bá di mẹ́jọ, wọ́n á pín mẹ́rìnlélógún yẹn láàárín ara wọn, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ rí i báyìí? Mo débẹ̀! Mo rí mẹ́ta náà pẹ̀lú ojú mi. Ká ní mo dúró síbẹ̀, kò bá sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n mo ro ó pé èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n, oko mẹ́jọ ló sì wà nílẹ̀, kí wọ́n tó parí, ó di mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn mi bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì gbé síléètì lọ síwájú bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

Tíṣà wò ó, ó wò mí. "Mẹ́rìnlélógún? Ṣé o sùn ni?"

"Rárá, tíṣà. Oko mẹ́jọ ni."

"Níbo lo ti rí oko mẹ́jọ? Oko kan ni mo kọ!"

"Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́jọ lẹ kọ."

"Kí ló wá kan èèyàn mẹ́jọ pẹ̀lú oko mẹ́jọ?"

Ìgbà yẹn ni mo béèrè ohun tí mi ò bá ti béèrè. Mo ní, "Tíṣà, oko ta ni wọ́n ń ro?"

"Oko tèmi ni!" Ó fi ṣọ́ọ̀kì lu tábìlì, ó ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹnu mi ò sì dákẹ́. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà á wá bá wọn ro tiwọn?"

Háà, ariwo sọ! Gbogbo kíláàsì ló bú sẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa la jọ ń fojú inú wo bàtà dídán yẹn láàárín ebè iṣu. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo béèrè tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà mí gbọ́? Ó nà mí ní pàṣán, ó ní kí n kúnlẹ̀ títí agogo fi lù, ó sì sọ fún mi pé bí mo bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, kí n yáa lọ di ẹrù mi. Kò mọ̀ pé Ìsẹ́yìn ni màá di ẹrù náà lọ.

Kò tán síbẹ̀. Bó bá yí oko padà, á fi bíríkìlà sí i: bíríkìlà márùn-ún mọ ògiri kan. Èmi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé ilé ta ni. Nílé wa nígbà yẹn, àwọn ará àdúgbò ló ń para pọ̀ mọ ilé, bí a bá ti mọ tìrẹ lónìí, tèmi ló kàn. Mo gbìyànjú títí kí n má ronú kàn án. Kò ṣeé ṣe. Òdo lórí òdo, pàṣán lórí pàṣán, ìdánwò sì ń sún mọ́lé.

Mo bá mú ẹkún lọ bá bàbá mi. Ẹ má bi mí pé kí ló kó mi lọ síbẹ̀. Ó ń tún èèkù ọkọ́ ẹ̀ ṣe lábẹ́ igi igbá tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó ní kí n ka ìbéèrè náà sétígbọ̀ọ́ òun. Mo kà á.

"Àwọn wo nìyẹn?" ni bàbá mi wí.

"Bàbá, wọn ò dárúkọ wọn."

"Ilẹ̀ oko yẹn ńkọ́, ṣé ilẹ̀ dúdú ni àbí ilẹ̀ olókùúta? Ṣé òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Wọn ò sọ, bàbá."

"Wọn ò sọ! Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka fún mi. Nínú èèyàn mẹ́jọ, ó ní ẹni kan ìyàwó ẹ̀ á bímọ, ẹni kan á pẹ́ dé, ẹni kan sì wà tó jẹ́ pé ìtàn ló máa ń wá sọ lóko. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe àáró, òun ò rí i rí kí gbogbo wọn pé lóko láàárọ̀ ọjọ́ kankan. Nítorí náà, mẹ́jọ tí tíṣà kọ yẹn, bíi mẹ́fà ló máa ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n á sì lò. Kí n lọ kọ mẹ́rin.

Ẹ jọ̀wọ́, irú kí lèyí? Tíṣà ní mẹ́ta, èmi ní mẹ́rìnlélógún, bàbá mi ní mẹ́rin. Mo ní bàbá, bí mo bá kọ mẹ́rin, wọ́n á fún mi ní òdo. Ó ní bí mo bá kọ mẹ́ta, mo purọ́. Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi, tó ń se ọbẹ̀ nítòsí, ló là wá. Àwọn àbúrò mi ìbejì ni wọ́n fi ń pe bàbá mi, ìyá mi bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ ohun tí tíṣà ẹ̀ fẹ́, kó yé sunkún sínú ọbẹ̀ mi."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n èmi ni, bí nǹkan ò bá yé mi, ọwọ́ mi ò ní í kọ ọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Àfi bí sòbìà ṣe mú bàbá mi. A dúpẹ́ pé ẹ̀yin ò mọ sòbìà mọ́. Aràn gígùn tín-ínrín kan ni, tó ń tinú omi odò tí à ń mu wọ inú ara, tó sì ń gba ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Èèyàn ò ní lè tẹlẹ̀, ká má tíì wá sọ pé á mú ọkọ́. Ìgbà yẹn gan-an sì ni koríko ń dàgbà jù. Àáró ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oko ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá mi ti bá wọn ro, oko tiẹ̀ ló sì kàn. Bí wọ́n bá wá, oko mẹ́fà ni kò ní lè bá wọn dé.

Ìdààmú mú un ju ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ. Ó rán mi sí àgbà inú àáró náà pé kí wọ́n fo oko òun, torí òun ò ní lè san án padà. Mo lọ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Bàbá náà wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Padà sílé, kí o sọ fún Bàbá Ìbejì pé ẹsẹ̀ ni kó máa wò. Ta ló bi í ní ìsan?"

Wọ́n wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé ìwé wà ní ìsinmi ráńpẹ́, èmi ni mo gbé omi. Mẹ́jọ yọ ọ̀kan, ó ku méje. Bí mo ṣe dúró lẹ́bàá oko, mo ní kí n ṣe ìṣirò ẹ̀ wò, mo bá fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ oko náà jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Pín in sí ọ̀nà méje. Méje lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mọ́kànlélógún, ó ku mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta, àti ìdá mẹ́ta nínú méje ọjọ́ kan. Mo fẹ́ tún sọ ọ́ di púpọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n fi oko tó kù kún un, ọwọ́ mi sì dúró. Oko wo ni mo fẹ́ fi kún un? Bàbá mi ò ní lè lọ sí oko ẹnikẹ́ni mọ́. Oko kan ṣoṣo yìí náà ni. Iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ níbí, ó sì máa parí síbí.

Mo tún ń bínú sí ìdáhùn náà. Kí ni wọ́n ń pè ní ìdá mẹ́ta nínú méje ọjọ́? Ta ló ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Ọjọ́ kìíní, wọ́n wá. Ọjọ́ kejì, wọ́n wá. Ọjọ́ kẹta, wọ́n wá, wọ́n ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ku àwọn ebè díẹ̀ lápá ibi tí odò wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwọn méjèèje tún wọlé. Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti na ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Oko tán. Mo wo oòrùn, mo wo ohun tí mo kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ò tíì dé ìdajì dáadáa. Mo pariwo, "Ìdá mẹ́ta nínú méje!" Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n yáa bu omi sí mi lórí, oòrùn ti mú ọmọ yìí.

Báyìí ni ìṣirò yẹn ṣe yé mi. Oko tíṣà ni oko tí ẹni tó ni ín ò ní lè san án padà. Kò sí oko mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Bí o bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ó dúró síbi mẹ́ta.

Mo sáré délé lọ sọ fún bàbá mi pé oko ti tán. Ó ní, "Èèyàn mélòó ló wá lónìí?" Mo ní méje. "Àná ńkọ́?" Méje. "Ọjọ́ kìíní ńkọ́?" Mo ní bàbá, méje náà ni, wọ́n pé lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó pẹ́ dé. Bàbá mi tó ní òun ò rí i kí wọ́n pé rí kọjú sógiri. Èmi ò rí i kó sunkún rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe nínú méjèèjì.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo ṣí ìwé, mo wá a kiri, mo rí i. Wọ́n ní èèyàn mẹ́wàá lè ro oko kan ní ọjọ́ mẹ́fà. Bí mẹ́rin nínú wọn ò bá wá, ọjọ́ mélòó ni àwọn tó kù yóò fi ro ó? Ọkàn mi kọ́kọ́ ń béèrè pé kí ló ṣe àwọn mẹ́rin tí ò wá. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà, ọgọ́ta. Mẹ́wàá yọ mẹ́rin, mẹ́fà. Ọgọ́ta pín sí ọ̀nà mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀, mo gbé bírò kúrò lórí ìwé, mo sì fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ náà mú kó má baà tún fi nǹkan kún un.

Mo yege. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsẹ́yìn wá ẹlòmíràn tí yóò bá a ká òwú. Èmi wá sí Ṣakí, mo kàwé, mo di tíṣà ìṣirò. Bí ọmọ kan bá sì bi mí pé oko ta ni, mo máa ń dá a lóhùn, mi ò jẹ́ gbé pàṣán.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ yìí nìyẹn, orí fóònù ẹ̀ ni mo sì jókòó lé ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo rò pé á sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá àgbà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fa ìwé kan sọ́dọ̀, bírò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ṣe nǹkan. Ó ní kí iye ọjọ́ jẹ́ ẹ́kìsì. Ẹ́kìsì lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ẹ́kìsì jẹ́ mẹ́ta. Ó wá gbójú sókè.

"Ìyá àgbà, ẹ wò ó. Bí bàbá yín bá dá ro oko wọn, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, tí wọ́n yí oko mẹ́fà ká, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rìnlélógún náà ni. Ẹnikẹ́ni ò fi ọjọ́ kankan jèrè. Kí ni wọ́n wá ń ṣe àáró fún?"

Inú mi dùn pé ó fi orí ara ẹ̀ ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ó dà bíi kí n fi ìwé yẹn gbá a lórí. Torí ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ayé béèrè tí wọ́n fi fi àáró sílẹ̀. Wọ́n ṣírò ó, wọn ò rí èrè níbẹ̀. Lónìí, ẹni tó lówó ń gba katakata, ẹni tí ò ní tó bẹ́ẹ̀ ń fọ́n oògùn sí koríko, oníkálukú sì ń dá gun ọ̀kadà lọ sí oko tiẹ̀. Ẹ ò lè mọ ẹni tí oko ń bá jà.

Àbúrò mi kan, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì yẹn, ṣì ń dáko lábúlé wa. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn ti dá a dùbúlẹ̀. Mo pe àwọn ọmọ àwọn tó ro oko bàbá mi lọ́jọ́sí, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Gbogbo wọn ló kí mi dáadáa. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá wa kí wọn, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Kò sẹ́ni tó lọ. Koríko ti bo iṣu àbúrò mi mọ́lẹ̀ báyìí.

Mo dìde, mo fa fóònù ọmọ náà yọ, mo fún un. Mo ní, "Ìwọ tó o gbọ́n, ṣe èyí fún mi. Iṣẹ́ oko kan, mẹ́rìnlélógún. Pín in sí iye èèyàn tó wà lóko bàbá rẹ kékeré lábúlé lónìí."

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá rẹ kékeré wà lórí ẹní. Kò sí ẹlòmíràn."

"Òdo nìyẹn, Ìyá àgbà."

"Pín in sí òdo."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó na fóònù sí mi. "Ó kọ̀ ọ́ o. Ó ní kò ṣeé ṣe."

Mo ní ohun tí bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe àáró fún nìyẹn. Nígbà tiwa, òdo ò dé oko ẹnikẹ́ni rí.